Osùn Tí Mo Fi Wo Mọ́tò Bọ̀dá

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣé o ti fi òrí pa mọ́tò lára rí? Má tíì rẹ́rìn-ín. Dá mi lóhùn ná: tí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ nìkan pẹ̀lú mọ́tò tó ń sunkún, tí igbá òrí ìyá rẹ sì wà nílé, kí lo máa ṣe? Èmi ti ṣe é. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn òrí tó ń yọ́, imú mi kì í gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ tuntun bíi ti àwọn èèyàn tó kù. Ìsàlẹ̀ mọ́tò ló máa ń gbé mi lọ, sínú kòtò kan lábẹ́ igi odán lẹ́bàá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ẹ̀jìgbò, níbi tí epo dúdú ti rin ilẹ̀ débi pé adìẹ kì í jẹ̀ níbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé mọ́dà nígbà náà, èyí tí a ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òmìnira ò tíì pẹ́ lọ títí, ẹnikẹ́ni tó bá lè ka ìwé ìròyìn láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀ ni ará ilé ń pè ní akọ̀wé. Èmi gan-an ti gbà pé ẹni ńlá ni mí. Bírò kan wà lápò àyà mi lójoojúmọ́, kò sí íǹkì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Mo ní mò ń dúró de èsì ìdánwò. Bàbá mi ní òun náà ń dúró dè é, ṣùgbọ́n kí á jọ máa dúró dè é lóko ní Ọlá, kí ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tí a jọ jáde ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sí Ìbàdàn, ọ̀kan sí Èkó, méjì sí Kódífúà. Ó wá ku èmi àti àwọn ewúrẹ́ àdúgbò. Ìlú tí mo fi ń yangàn tẹ́lẹ̀ wá fún mọ́ mi lára bíi ṣòkòtò kakí sùkúù mi tí mo ṣì ń wọ̀, tí mi ò lè jókòó nínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi tó ń gbé Àbíjáànì ní Kódífúà dé. Bọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń ta aṣọ lọ́hùn-ún, bàtà rẹ̀ ń dán, tí inú bá sì bí i, Faransé nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá á sá lọ pátápátá. Mọ́tò tí àwọn òyìnbó fi ń sáré ìje ló gbé wá. Ó ti gbó díẹ̀, pupa ni tẹ́lẹ̀ kí oòrùn tó lá a. Ìjókòó méjì péré ló ní, kò ní ẹ̀yìn, aṣọ tapólì ni òrùlé rẹ̀. Ó kúrú débi pé tí àgbò bá dúró tì í, àgbò ló ń wò ó láti òkè. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ló ń ké. Hùùùù, bíi obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, bó bá sì ti ń sáré sí i ni ọ̀fọ̀ náà ń le sí i. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Másífà ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọkọ̀ Ẹlẹ́kún.

Bọ̀dá ní àfẹ́sọ́nà kan ní ìlú Ara, nítòsí wa. Ọdún Àjíǹde ni wọ́n dá ìgbéyàwó sí. Ó ní òun máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun á padà sídìí ọjà òun, òun á tún wá gbéyàwó tí àkókò bá tó. Ọ̀sẹ̀ kejì ló pè mí.

"Akọ̀wé, ìjókòó kejì yìí ṣófo. Mo ń wá ẹni tí á máa kọ lẹ́tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ariwo yìí bá lọ, ìwọ ni màá gbé. Tí kò bá lọ, màá pa á tì síbí, màá dá wọ lọ́rì padà."

Ṣé o gbọ́ ọ? Ohun tó wà láàárín èmi àti Àbíjáànì kò ju ariwo kan lọ.

Mẹkáníìkì tí a gbé e lọ bá, àgbà Mùsùlùmí kan ni, tí fìlà funfun rẹ̀ kì í dọ̀tí láàárín gbogbo epo yẹn. Bó ṣe ń ṣe é, mi ò mọ̀ títí di òní. Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wa mọ́tò náà lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Dífù ni." Dífù yìí ni irin rógódó tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Jíà ńlá kan àti kékeré kan wà nínú rẹ̀, eyín wọn ló ń wọnú ara wọn kí táyà tó lè yí. Ọ̀gá ní ẹnì kan ti tú u rí, kò sì tò ó padà bó ṣe yẹ. Eyín ò pàdé eyín níbi tó tọ́, ìyẹn ló ń sunkún.

Ó gbé mọ́tò gorí kòtò, ó fi jáàkì gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí nǹkan ṣe ń jáde tẹ̀léra (ó yá mi ní bírò tó ní íǹkì). Mọ́tò tó kúrú báyẹn, tó bá gorí kòtò, ìdérí ìkòkò ló dà. Àlàfo kan ṣoṣo ló kù lápá ẹ̀yìn tí èèyàn lè gbà jáde, ẹni tí kò bá sì jẹun kánú láàárọ̀ ló lè gbà á. Ooru ibẹ̀, òórùn epo ibẹ̀, kí irin máa gbá ọ lórí ní gbogbo ìgbà tí o bá rántí pé o ga! Mo fara dà á. Mo ń wo irin yẹn, Àbíjáànì ni mò ń rí.

Ọ̀gá wá mú agolo kékeré kan jáde. Osùn ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi òrí pò ó, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń pò ó fún ọmọ jòjòló. Ó fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ sára eyín jíà, ó fọwọ́ yí táyà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo eyín náà, ó mi orí. Ó gé wáṣà pẹlẹbẹ kan lára páànù agolo sàdíìnì, ó fi há ẹ̀yìn jíà kékeré, ó tún fi osùn pa á, ó tún yí i, ó tún wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sì ń ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn osùn kọ̀ọ̀kan, ohùn irin yẹn ń rọlẹ̀. Orí ìwé mi bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní, áà, oògùn rèé! Ṣebí òrí ni wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ tó ń ro èèyàn, ṣebí osùn ni wọ́n fi ń pa ara tó gbóná? Ọ̀gá kàn ń ṣahun oògùn ni. Mi ò bi í o. Èmi tí mo jáde mọ́dà, kí n wá máa bi ẹni tí kò ka A, B, D ní ìbéèrè?

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá ṣàlùwàlá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kòtò.

"Akọ̀wé, wáṣà kan ṣoṣo ló kù. Má fọwọ́ kàn án kí n tó kírun dé o."

"Ẹ̀ẹ́n, Ọ̀gá."

Kò tíì rìn jìnnà tí mo fi yọ lọ sílé. Odidi igbá òrí kan ni ìyá mi fi pamọ́ de ọyẹ́, ọyẹ́ ọdún yẹn sì mú débi pé òrí náà le bí ọṣẹ. Mo gbé e. Mo po gbogbo osùn inú agolo Ọ̀gá mọ́ ọn, mo sì ń fọwọ́ méjèèjì kì í bọ inú dífù títí kò fi sí àyè ìka mọ́. Jíà ọ́ìlì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú gálọ́ọ̀nù, mi ò tiẹ̀ bojú wò ó. Mo de ìdérí rẹ̀ pa. Pépà tí wọ́n fi ń di ẹnu ìdérí náà kó má baà jò, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé. Mo fọwọ́ yí táyà. Kẹ́kẹ́! Kò tiẹ̀ mí. Mo rẹ́rìn-ín nínú kòtò lémi nìkan, bíi wèrè tó rí ilé.

Mo fẹ́ jáde ni ìmọ́lẹ̀ àlàfo yẹn bá ṣú. Bàtà méjì tó ń dán ló dí i.

"Akọ̀wé!" Bọ̀dá ni. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, bàtà náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Bàbá ìyàwó mi ránṣẹ́ pé òun ń rìnrìn àjò lọ́la, pé tí mo bá fẹ́ bá òun, àfi kí n wá lónìí. Ṣé ó ti tán?"

Wò ó, àyè wà níbẹ̀. Mo lè sọ pé, ó ku wáṣà kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn ń gbọ̀n sókè sódò, mo sì ti rí ara mi ní Àbíjáànì tí mò ń kọ lẹ́tà.

"Ó ti tán, sà."

"Ọ̀gá wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ kírun, sà. Wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ."

Irọ́ kan ò ní lọ láìbí ọmọ. Bọ̀dá sọ jáàkì kalẹ̀, ó wọnú mọ́tò, ó gbé e kúrò lórí mi, oòrùn sì là sí mi lójú nínú kòtò. Mo rò pé mo ti bọ́. Ó ṣílẹ̀kùn ìjókòó kejì.

"Wọlé, akọ̀wé. Ìwọ tí o ṣiṣẹ́ náà, o gbọ́dọ̀ bá mi débẹ̀. Kí wọ́n rí ẹni tí mò ń mú lọ."

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹni tó wà níta nìkan ló lè ṣí i. Ó bàjẹ́ látinú. Mo jókòó, Bọ̀dá tì í mọ́ mi. Bí mo ṣe dénú ìjókòó tí mo ń lálàá rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà jáde.

Fún máìlì bíi méjì, àlàáfíà ni. Bọ̀dá ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbá sitíárì bíi ẹni ń pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, o gbọ́n o!" Mo rọra ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, wẹ́rẹ́, bíi ẹ̀fọn tó kọjá létí. Mo gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀, bí ẹni pé ìwúwo mi ló ń dùn ún. Ẹ̀fọn náà di oyin. Ìdí mọ́tò ti gbóná, òrí ti ń yọ́, èmi tí mo sì ti ń rí òrí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òrí a máa yọ́.

"Kí ló ń dún?"

"Atẹ́gùn ni, sà."

Ó kọ orin náà sókè sí i. Ìdí mọ́tò náà gbé ohùn sókè. Nígbà tí a fi máa wọ Ara, kì í ṣe ẹkún ìjọ́sí mọ́, igbe ni, irin ń run irin. Bọ̀dá ti pa orin tì, ó di sitíárì mú. Mò ń wo ọwọ́ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ yẹn, mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ó dúró ní ojúde àna rẹ̀, ó jáde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó gbàgbé mi sínú mọ́tò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ìyàwó ń kí i, àfẹ́sọ́nà fúnra rẹ̀ ń gbé omi bọ̀ lórí tíréè, ojú rẹ̀ ń tàn. Àwọn ọmọdé tó yí mọ́tò ká ló pariwo.

"Ọkọ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀! Ọkọ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Gbogbo ojú bá yí wá. Ohun pupa kan ń kán tó, tó, tó lábẹ́ ìdí mọ́tò, ó ti ń ṣàn lọ sídìí àga bàbá ìyàwó. Ìyá àgbà ilé yẹn, ìyá tó bí bàbá ìyàwó, fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan án, ó gbé e sí imú. Ó pẹ́ kó tó gbé imú kúrò.

"Osùn nìyí. Òrí nìyí." Ó wo Bọ̀dá láti bàtà dé orí. "Ọkọ ọmọ wa, ta ló bímọ?"

"Mà?"

"Mo ní ta ló bímọ! Osùn òun òrí nínú mọ́tò ọkùnrin! Ilé ọmọ tuntun lo ti ń bọ̀. Ṣé inú mọ́tò yìí ni wọ́n gbé ọmọ sí ni, àbí ìyá ọmọ ni wọ́n gbé jókòó síbẹ̀?"

Bàbá ìyàwó dìde. "Ṣé o ti níyàwó sí Àbíjáànì ni? Dáhùn."

Bọ̀dá la ẹnu. Faransé ló jáde. Ó tún la ẹnu, Faransé náà tún ni, kíákíá, gígùn, ó ń fọwọ́ lu àyà. Ẹni tó bá rí i á búra pé ọkùnrin tí wọ́n ká mọ́ ni. Mo rí ọmọbìnrin yẹn tó wo omi ọwọ́ rẹ̀, tó wo Bọ̀dá, tó yí padà, tó sì ń gbé omi náà wọlé lọ. Ìyẹn ló burú jù. Ká ní ó da omi náà nù, ì bá sàn.

Èmi ńkọ́? Mo wà nínú mọ́tò. Òórùn òrí ti kún ibẹ̀, òógùn bò mí. Tí mo bá dákẹ́, Bọ̀dá máa pàdánù ìyàwó. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo pàdánù Àbíjáànì, nítorí ta ló máa gbé akọ̀wé tó purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kan lọ sídìí ọjà rẹ̀? Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mo tètè pinnu. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ilẹ̀kùn. Mo fi èjìká tì í. Mo rò ó pé bóyá mo lè sá. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn kan àtẹ̀gùn ilé ni mo yọrí lójú fèrèsé.

"Èmi ni!" Ohùn mi fọ́ bíi ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. "Ìyá, èmi ni!"

Ìyá àgbà yí sí mi. "Ìwọ lo bímọ?"

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní rárá o, mo ní èmi ni mo fi òrí ìyá mi kún ìdí mọ́tò, mo rò pé oògùn ni, Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo fọwọ́ kàn án, mo purọ́ fún Bọ̀dá, mo tún fi Ọ̀gá purọ́, Bọ̀dá ò mọ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Ẹ̀rí dà?" ni ìyá àgbà wí.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo dojú bolẹ̀, mo fi ikùn wọ́ wọ abẹ́ mọ́tò náà pẹ̀lú sípánà, ó kúrú débi pé imú mi ń fọ́n iyanrìn. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ dífù. Kí n tó yẹra, gbogbo rẹ̀ ya lù mí: òrí yíyọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, osùn, páànù sàdíìnì tó ti run. Ó kún mi létí, ó kún mi lọ́rùn, ó rin kakí mi. Wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n fà mí jáde, mo pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mò ń dán.

Ìyá àgbà wò mí títí. Ó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ tuntun yẹn rèé o! Ẹ wá wò ó! Ó ti hu eyín wá láti ọ̀run!"

Ẹ̀rín yẹn, bóyá wọ́n ṣì ń rín in ní Ara. Bọ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi náà padà jáde lórí tíréè.

Ọ̀gá kírun dé, kò bá mọ́tò, ó bèèrè ibi tí a gbà, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ara kí oòrùn tó wọ̀. Kò bá mi wí. Ó fi kẹrosíìnì fọ dífù náà mọ́ tónítóní, ó gé wáṣà tuntun, ó fi èyí tó kù sí i, ó wá fi ìyẹ́ adìẹ kun bíńtín nínú osùn ara mi sára eyín kan, ó ní kí n wò ó.

"Osùn kì í wo irin sàn. Ibi tí eyín ti kan eyín ló ń fi hàn mí. Ojú ni mo fi ń ṣe, akọ̀wé. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Ó da jíà ọ́ìlì sí i. Bọ̀dá wà á padà sí Ẹ̀jìgbò, kò dún pín-ín. Èmi jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá, nítorí wọ́n ní mo máa pa ìjókòó lára.

Ọjọ́ kẹta, Bọ̀dá pè mí. Ó ní òun ti dárí jì mí, ó ní ìlérí ṣì ni ìlérí. Mo fò sókè. Mo di àpótí mi. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà Ara ò tíì parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí wọ́n má jẹ́ kó dọdún Àjíǹde mọ́. Ó ní ilé tí ọmọ ibẹ̀ lè ba ara rẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ayé kí wọ́n má baà dá àbúrò bàbá rẹ̀ lẹ́bi, ilé tó ṣeé fọmọ fún ni. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo jó níbẹ̀ o! Mo jó títí bọ́tìnnì kakí mi fi já. Mi ò ṣírò rẹ̀. Èmi tí mo mókè nínú ìṣirò ní mọ́dà: ìjókòó méjì, Bọ̀dá ọ̀kan, ìyàwó ọ̀kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, tí mo gbé àpótí mi dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, tí mo rí ìyàwó wa tó ti jókòó, tó ń so gèlè mọ́ orí, ìgbà yẹn ni mo tó ṣe àyọkúrò.

Bọ̀dá wo àpótí mi, ó wò mí. "Akọ̀wé, ṣe sùúrù díẹ̀ ná. Màá ránṣẹ́."

Mọ́tò náà gbéra. Ọ̀gá ti ṣe é dáadáa débi pé kó tó yà lójú títì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo dúró, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó ké díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí tèmi. Kò ké.

Ọdún ti yí lu ọdún, Bọ̀dá ò tíì ránṣẹ́, èmi náà ò sì lọ oko Ọlá. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni mo wà, inú kòtò yẹn náà ni. Mo ti rò ó títí nísàlẹ̀ ibẹ̀. Kì í ṣe kòtò ló há mi mọ́ lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn. Inú "ó ti tán, sà" ni mo ti há, látìgbà tí mo ti sọ ọ́ ni mo ti ń wá ibi tí màá gbà jáde. Èyí tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé ìgbà tí mo rí ọ̀nà jáde, kò gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ lọ, síbẹ̀ mi ò tíì há bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kúrò lójú kan. Ó dà bíi pé ohun tí mò ń pè ní lílọ, kì í ṣe...

"Akọ̀wé! Lọ́rì kan ti kú sójú ọ̀nà Ìwó, àwọn èrò wà nínú oòrùn. Ṣé ìwé lo tún ń kọ ni? Dìde, a ń lọ!"

Ẹ̀ẹ́n, Ọ̀gá. Mo ń bọ̀ o. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé...

"Mo ní ká lọ!"